Déètì Èké Tí Mo Fi Ba Wilmar Techera Jẹ́

Èmi Zulma Bentancur ni mo pa orúkọ obìnrin irínwó ó lé méjìlá rẹ́ kúrò nínú ìwé àwọn tó yẹ kí dókítà pè padà, mo sì jẹ́ kí Wilmar Techera ru ẹ̀bi rẹ̀ fún ọdún méjìlá, títí ó fi wọ inú ilẹ̀ lọ.

Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ìyókù tí mo fẹ́ kọ ni bí mo ṣe ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé àṣìṣe lásán ni. Ó bẹ̀rẹ̀ bí àṣìṣe lóòótọ́. Kò parí bẹ́ẹ̀. Ara mi le, kò sí dókítà tó sọ fún mi pé ọjọ́ mi kù díẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá tó ń wá mi. Wilmar ló kú ní oṣù keje, nínú òtútù, ẹni mẹ́sàn-án la sì jẹ́ tá a dúró létí sàréè rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń da erùpẹ̀ sí i, ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú ni mò ń wò, bóyá ọmọ rẹ̀ obìnrin á wọlé. Kò wá. Èmi ni mi ò jẹ́ kó wá. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn, ẹ má retí rẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn jẹ́wọ́, ìyìn ló ń wá.

Mi ò lọ sí yunifásítì. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ọsàn sínú páálí nílùú wa, Paysandú, ni mo ti ṣiṣẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mò ń ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò lára èyí tó dára. Nígbà tí ọ́fíìsì wọn gbé kọ̀ǹpútà kan jù síta, mo gbé e lọ sílé lórí kẹ̀kẹ́, mo sì fi ìwé kan tí kò ní èèpo mọ́ kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń kọ ètò sínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ló gbà mí. Wilmar wà nídìí òṣùwọ̀n nílé iṣẹ́ kan náà. Èèyàn gíga ni, ó máa ń falẹ̀, ó sì máa ń ka ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì, títí kan orúkọ tó wà lára páálí ọsàn. Ó rí mi níjọ́ kan tí mò ń fi bírò ya ètò sẹ́yìn páálí lákòókò ìsinmi, ó ní, "Zulma, kí lèyí? Ṣé àjẹ́ lo fẹ́ dà ni?" Mo ní, "Jókòó kí n fi hàn ọ́, ká lè jọ dà á." Bí mo ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, á gbé torta frita wá fún mi, ìyẹ̀fun tí Iris ìyàwó rẹ̀ pò tó sì dín nínú ọ̀rá, á fi aṣọ wé e kó má baà tutù. Mo ti jẹ oúnjẹ ọwọ́ obìnrin yẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ mo fi ọsàn sílẹ̀. Èmi àti Milton Arrúa, ọmọ ìlú wa tó kàwé ní Montevideo, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, tó sì padà wá, jọ kọ́ ohun kan tá a pè ní Cebador, orúkọ tá a ń pe ẹni tó ń bu omi fún àwọn tó jókòó yí ká mu mate, ewé tá a ń fi omi gbígbóná rẹ mu. Àkójọ irinṣẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ojú òpó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, dípò kó máa la pákó kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. A gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹni tó bá wù lò ó. Apá tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, tí mo sì fi ń yangàn, ni apá tó ń to ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi. Àká ìsọfúnni, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní dátábéèsì, dà bí àká tí wọ́n kó orúkọ àti nọ́ńbà sí dípò àgbàdo. Èdè tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀ le. Bí ẹ bá ṣi àmì kan kọ, ẹ ò ní rí nǹkan kan gbà. Mo wá ṣe é kí èèyàn kàn máa so ọ̀rọ̀ kéékèèké pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. "Mú àwọn aláìsàn." "Níbi tí" ìlú wọn bá jẹ́ báyìí. "Níbi tí" ọjọ́ orí wọn bá ju báyìí lọ. Tàbí kó ní "Pa wọ́n rẹ́," kó tún so "níbi tí" mọ́ ọn, kí ẹ̀rọ lè mọ àwọn tó fẹ́ pa rẹ́. Ohun tí mo kọ́ ló máa yí i sí èdè líle yẹn.

Ìṣòro kan wà. Ẹni tó ń wá nǹkan sábà máa ń fi àlàfo sílẹ̀. Á kọ orúkọ, kò ní kọ ìlú. Kí ni kí ẹ̀rọ ṣe sí "níbi tí" tí kò ní nǹkan kan nínú? Àwọn tó ń lo irinṣẹ́ wa ń ráhùn pé àwọn ní láti máa fọwọ́ ara àwọn yẹ gbogbo rẹ̀ wò, bí èyí bá ṣófo, bí tọ̀hún bá ṣófo. Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi, Milton àti Wilmar jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé mi, èmi ni mò ń bu mate. Igbá kékeré kan ṣoṣo la máa ń lò, ọ̀pá ìfàmu kan ṣoṣo, á sì máa lọ yí ká. Bí o bá mu tìrẹ tán tí o dá igbá padà láìsọ̀rọ̀, wàá tún mu nígbà tó bá kàn ọ́. Bí o bá ti yó, wàá sọ pé "O ṣé." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ń dá omi dúró. Ẹni tó bá dákẹ́, a ó máa bu fún un ni. Mo wo igbá ọwọ́ mi, mo sì rí ìdáhùn mi níbẹ̀.

"Mo ti rí i," ni mo wí. "Bí mate ni. Ẹni tó bá dákẹ́, fún un ní gbogbo ẹ̀. Bí 'níbi tí' bá ṣófo, ká jù ú nù, ká máa bá tiwa lọ."

Milton gba igbá lọ́wọ́ mi, ó gbé e dúró sí àárín ọ̀nà ẹnu rẹ̀. "Bó bá jẹ́ wíwá ni, kò burú. Tó bá wá jẹ́ pípa rẹ́ ńkọ́?"

"Òfin kan náà ni. Mi ò fẹ́ òfin méjì. Òfin kan ló ń gbé nínú orí èèyàn."

"Zulma, gbọ́. Ẹni tó ń bu mate ń wo ojú èèyàn. Bí mo bá sùn lọ sórí àga yìí, o ò ní da omi gbígbóná sí mi lẹ́nu torí pé mi ò sọ pé o ṣé. Ẹ̀rọ ò rí ojú ẹnì kankan."

"Ẹ̀yin ará yunifásítì! Ẹ ò lè rí kòtò omi kẹ́ ẹ má wọn bó ṣe jìn tó."

Wilmar ń rẹ́rìn-ín. "Milton, mu tìẹ jàre, ó ti ń tutù. Maikirofóònù kọ́ lo mú dání."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì kọjá. Milton kò jẹ́ kó kọjá pátápátá. Ó kọ ìwé ojú ewé mẹ́jọ lé e lórí, ó kún fún irú ọ̀rọ̀ ńláńlá tí wọ́n ń kọ́ wọn ní Montevideo. Mo ka ìlà mẹ́ta, inú bí mi, mo gbé kẹ́tùlù lé e lórí. Àmì òbìrìkìtì kẹ́tùlù náà ṣì wà lójú ìwé àkọ́kọ́ títí dòní, torí mi ò jù ú nù. Gbogbo ayé mi ni mo fi kórìíra ọ̀rọ̀ tó ń wọ táì, mo sì lé òtítọ́ jáde níjọ́ yẹn torí pé táì ló wọ̀ wá sílé mi. Ohun tó wà nínú ojú ewé mẹ́jọ yẹn kò ju èyí lọ: tí wọ́n bá ní kó pa nǹkan rẹ́ tí wọn ò sì sọ èyí tó fẹ́ pa rẹ́, kí ẹ̀rọ kọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ ọ, ọmọ ilé ọsàn bíi tèmi, ǹ bá gbà. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn Cebador gan-an. Wọ́n ní ó rọrùn, wọ́n ní ó máa ń mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Nígbà tó yá, Wilmar náà fi ilé ọsàn sílẹ̀, ó rí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan tó ń fi ọkọ̀ ńlá lọ káàkiri àwọn ìletò láti yẹ àwọn obìnrin wò fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Òun ló kọ ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú orúkọ àwọn tí àyẹ̀wò wọn kò dára, tó yẹ kí wọ́n pè padà. Cebador ló fi kọ ọ́. Kí ni ì bá tún lò? Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mabel. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bó bá ti pe obìnrin kan lórí fóònù tán, á fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, á wá tẹ bọ́tìnì tó ń yọ àwọn tó ti sàmì sí kúrò. Láàárọ̀ ọjọ́ Monday kan ní oṣù kẹta, kò tíì sàmì sí ẹnì kankan nígbà tí fóònù dún. Ó nawọ́ mú un, ìka rẹ̀ sì tẹ bọ́tìnì náà. Ètò Wilmar sọ fún Cebador pé: pa wọ́n rẹ́, níbi tí orúkọ wọn bá wà lára àwọn tí wọ́n sàmì sí. Kò sí ẹnì kankan tí wọ́n sàmì sí. "Níbi tí" ṣófo. Ohun tí mo kọ́ jù ú nù bí mo ṣe ní kó máa ṣe. Ó ku "pa wọ́n rẹ́" nìkan. Ó sì pa gbogbo wọn rẹ́, obìnrin irínwó ó lé méjìlá, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé: Ó ti parí.

Kò sí ohun tó pariwo. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ nìyẹn. Ìwé tí kò sí orúkọ nínú rẹ̀ jọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tán. Nígbà tí Mabel padà wo ojú ẹ̀rọ, ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti pe àwọn tó kù, inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń sọ fún àwọn obìnrin náà lẹ́nu ọkọ̀ ni pé, "Bí ẹ ò bá gbúròó wa, a jẹ́ pé ara yín le." Oṣù márùn-ún ni wọn ò fi gbúròó ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ náà kì í sì í jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, kò sí orúkọ tuntun tó lè wọlé. Ẹ̀dà tí ilé ìwòsàn ń tọ́jú pamọ́ kì í sì í ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ kí tuntun tó gba àyè rẹ̀.

Iris wà lára wọn. Òun náà ti gun ọkọ̀ yẹn lọ ṣe àyẹ̀wò ní oṣù kejì. Wilmar fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, kò fẹ́ wọlé. Ó ní òun àti Iris àti Anahí ọmọ wọn wà nílé ìdáná ní oṣù karùn-ún, Anahí ń bó elégédé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà yẹn. Iris sọ fún un, bí wọ́n ṣe máa ń fi eré pe ara wọn, pé, "Bàbá arúgbó mi, ṣé orúkọ mi ò sí nínú ìwé yín yẹn? Ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn mí díẹ̀díẹ̀." Wilmar ṣí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì, ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ìyá arúgbó mi, kò sí ẹnì kankan nínú ẹ̀. Ara rẹ le bí ẹṣin. Elégédé tí o jẹ lánàá ló ń da inú rẹ rú." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹjọ, obìnrin àgbà kan láti ìletò, Doña Ramona Leites, wọ bọ́ọ̀sì wá sí ilé ìwòsàn náà, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ní bí mi ò bá gbúròó yín, ara mi le. Mi ò gbúròó yín." Wọ́n wá ìwé rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò, wọ́n rí i pé láti oṣù kejì ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kò dára. Ojú gbogbo wọn là. Wọ́n tún ìwé náà tò látinú àwọn bébà tó wà ní ibi àyẹ̀wò, wọ́n pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù lára wọn kò ní ohun tó burú. Àwọn mọ́kànlá ló ti pẹ́ jù fún. Iris jẹ́ ọ̀kan.

Ọjọ́ Saturday ni Wilmar pè mí. Ó ti tú iṣẹ́ ara rẹ̀ wò látòkèdélẹ̀, ó ti rí ìbéèrè tó lọ láìní "níbi tí". Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Zulma, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni pé tí wọ́n bá kó òfìfo fún 'níbi tí', Cebador á jù ú nù, kódà tó bá jẹ́ pípa rẹ́ ni? Mo ka ìwé ìlò ẹ̀, mi ò rí i níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì."

Mo mọ ìdáhùn. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbé kẹ́tùlù lé ìwé Milton. Mo ní, "Jẹ́ kí n wò ó ná."

"Jọ̀ọ́ bá mi wò ó. Wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá Mabel ló jẹ̀bi. Mo ní kì í ṣe Mabel. Ìka lè ṣèèṣì. Ètò ló yẹ kó dì í mú, èmi ni mo sì kọ ètò."

Ìpàdé ńlá kan ń bọ̀ ní Montevideo lóṣù yẹn, ibi tí àwọn tó kàwé tó ga jù nínú iṣẹ́ wa máa pé sí, wọ́n sì ti pè mí wá sọ̀rọ̀ níwájú wọn lórí apá tó ń to ìbéèrè. Èmi, ọmọ ilé ọsàn. Mo ti ra bàtà tí mo fẹ́ wọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín pé ohun ńlá kan ló mú mi ṣe é. Ìpàdé yẹn àti bàtà yẹn ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Sunday, nígbà tí gbogbo ìlú ti lọ sùn lẹ́yìn oúnjẹ, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Gbogbo àtúnṣe tá a bá ṣe sí Cebador máa ń wọ inú ìwé ìtàn kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tó ṣe é. Ìwé yẹn ni àwa oníṣẹ́ gbà gbọ́ ju ẹ̀rí ẹnu lọ. Ṣùgbọ́n déètì tó ń wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ ẹni tó kọ ọ́ ló ń sọ ọ́, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà lè ní kó sọ ọjọ́ tó bá wù ú. Mo ṣí ìwé ìlò, mo kọ gbólóhùn méjì sí i: "Àkíyèsí: bí ohun tí a kó fún 'níbi tí' bá ṣófo, a ó jù ú nù. Kí ẹni tó fẹ́ pa nǹkan rẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò." Mo fi déètì ọdún méjì ṣáájú sí i. Mo tún gbogbo ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hun kó lè bá a mu, mo sì tì í bo èyí tó wà níta mọ́lẹ̀. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ajá aládùúgbò ò tiẹ̀ gbó.

Milton mọ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń ní ẹ̀dà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́, tirẹ̀ sì kọ̀ láti bá tuntun náà mu. Ó pè mí láàárọ̀ Monday. "Zulma, kí lo ṣe sí ìtàn?"

"Mo tún nǹkan ṣe."

"O tún nǹkan ṣe sí ọdún méjì sẹ́yìn?" Ó wá ní, "Tìtorí Wilmar ni, àbí? Ọlọ́run mi. Ìyàwó ẹ̀ ń ṣàìsàn, Zulma."

Mo ní, "Tó o bá sọ̀rọ̀, Cebador kú nìyẹn, orúkọ tìẹ náà sì wà lára ẹ̀. Orúkọ tìẹ ló kọ́kọ́ wà." Mo mọ ibi tó ti ń bẹ̀rù, ibẹ̀ ni mo tẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí ọdún tó parí ó ti lọ sí Spain, a kò sì jọ mu mate mọ́.

Ẹni mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà, dókítà méjì àti lọ́yà kan. Wọ́n pè mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́ irinṣẹ́. Wilmar jókòó sí apá òsì mi, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Iris ti lọ̀. Lọ́yà béèrè pé, "Ṣé ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń lò ó?" Mo ní, "A kìlọ̀." Wọ́n gbé e sójú ògiri, gbogbo èèyàn rí i, gbólóhùn méjèèjì pẹ̀lú déètì wọn. Lọ́yà tún béèrè pé, "Ó wà níbẹ̀ ṣáájú kí Ọ̀gbẹ́ni Techera tó kọ ètò rẹ̀?" Ẹnu ara mi yìí ló dáhùn pé, "Ọdún méjì ló ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á á rí i."

Wilmar wo ògiri náà pẹ́. Ó ń kà á. Ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá sọ fún wọn pé, "Mi ò rí i. Ẹ má bínú. Mo rò pé mo kà á dáadáa." Ọkùnrin tó ń ka ara páálí ọsàn lẹ́ẹ̀mejì, mo jẹ́ kó gbà pé ojú òun ló fo ìkìlọ̀ tí ì bá gba ìyàwó rẹ̀ là.

Nígbà tá a jáde, mo bu mate fún un lẹ́bàá ọgbà. Èmi náà ò mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ó gbà á, ó mu ún tán, ó nu ẹnu ọ̀pá ìfàmu náà, ó dá a padà fún mi, ó ní, "O ṣé, Zulma." Kò mu mate lọ́wọ́ mi mọ́ láyé. Ojú ló ń tì í láti jókòó tì mí. Òun ni ojú ń tì.

Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́. Iris kú ní oṣù kọkànlá ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ ìsìnkú, Anahí sọ fún un níwájú gbogbo wa pé, "Ẹ ní ara Màmá le bí ẹṣin. Mo wà níbẹ̀, Bàbá. Ọ̀bẹ elégédé wà lọ́wọ́ mi." Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú Salto lọ́sẹ̀ yẹn. Wilmar bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀pà onísúgà ní gbàgede ìlú, àwọn aláwàdà á máa ní, "Wilmar, má pa orúkọ mi rẹ́ o!" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á fi ẹ̀pà kún ti wọn. Èmi náà ń rà á. Ọdún kejì ni mo tún Cebador ṣe ní bòókẹ́lẹ́, kó lè kọ̀ tí wọ́n bá ní kó pa nǹkan rẹ́ láìsọ èyí tó fẹ́ pa rẹ́. Nínú ìwé ìtàn mo kọ ọ́ pé: àtúnṣe kékeré.

Lẹ́yìn ìsìnkú Wilmar ní oṣù keje yìí, aládùúgbò rẹ̀, Doña Elba, pè mí, ó kó pọ́ọ̀sì Wilmar lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ lọ̀rẹ́ rẹ̀, mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè fún." Bébà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ká títí tí ojú ìká rẹ̀ fi ya. Ojú ìwé ìlò náà ni, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, gbólóhùn mi méjèèjì àti déètì èké mi. Ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ wọn nígbà mẹ́ta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ó kọ ọ́ pé: "Zulma kọ ọ́ síbẹ̀. Mi ò kà á." Ọdún méjìlá ló fi gbé e sápò.

Mo kọ̀wé sí Milton ní Spain. Kò bú mi. Ó fi ẹ̀dà ìtàn àtijọ́ ránṣẹ́, ó ti tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ látọjọ́ náà, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi náà jẹ̀bi." Mo ti gbé méjèèjì síta lójú òpó Cebador, òótọ́ àti irọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè fi wọ́n wé ara wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ irinṣẹ́ fún ẹlòmíì, mi ò ní ọgbọ́n púpọ̀ tí mo lè fún yín. Bí ẹnì kan bá dákẹ́, ẹ má sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un. Ẹ bi í. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é.

Lẹ́yìn náà mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Salto. Anahí ṣí ilẹ̀kùn, ó ti di obìnrin tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ, gíga bàbá rẹ̀ ló ga. Ó mọ̀ mí. Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀ mí nítorí Bàbá, ó ti pẹ́ jù." Mo ní, "Mi ò wá bẹ̀ ọ́ nítorí rẹ̀. Kò ṣẹ̀ ọ́." Mo sọ ọ́ fún un lórí ìdúró bí mo ṣe sọ ọ́ nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ ìwé yìí. Mo na bébà náà sí i.

Ó wò ó. "Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń pè mí," ló wí, kì í tiẹ̀ í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. "Mi ò gbé e rí. Ọdún mọ́kànlá. Á dún títí á fi dákẹ́."

Mo ní, "Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí."

"Rárá, ẹ má bẹ̀ mí." Kò gbóhùn sókè. Ọmọbìnrin kékeré kan ti wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń fi ojú tó ń falẹ̀ wò mí látòkèdélẹ̀, ó sì tún wò mí lẹ́ẹ̀kejì. Anahí fọwọ́ tì í padà díẹ̀. Ó ní, "Iris, wọlé." Ó ti ilẹ̀kùn.

Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Wákàtí méjì ni bọ́ọ̀sì ń rìn láti Paysandú dé Salto. Wilmar kú láìmọ̀ pé òun ní ọmọ-ọmọ, kò sì gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.